Ìgò Ewé Tó Wà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Iyọ̀

Lusha da orí ẹ̀rọ kékeré rẹ̀ kodò, ó fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín gbọn ewé inú rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó sì gbé e sún mọ́ fèrèsé. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí èèpo ẹ̀pà yíyan. Kò dúdú. Ó mí kanlẹ̀.

Ogún ọdún ló fi gbin igi sórí àwọn òkè tí iná ti jó ní àfonífojì Slocan. Iṣẹ́ náà ba ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́. Ìrora a máa gba itan rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ bí iná. Igbó tí wọ́n ń mu nìkan ló ń dín ìrora náà kù, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ kò gba èéfín mọ́. Ẹ̀rọ tó ń fi ooru yọ agbára igbó láìsí èéfín ló wá ń lò. Èyí tí ara rẹ̀ ń gbóná ló kọ́kọ́ rà. Ìyẹn a máa jó etí ewé, àárín á sì wà bó ṣe wà. Ló bá pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná la ewé kọjá. Ó kọ́ láti má lọ̀ ọ́ kúnná jù, láti má kì í mọ́lẹ̀, láti fi ooru díẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Èyí tó bá lò tán, kì í dà á nù. Agbára ṣì kù nínú rẹ̀; bí èèyàn bá jẹ ẹ́ pẹ̀lú ọ̀rá, oorun á gbé èèyàn lọ. Inú ìgò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ iyọ̀ ló ń kó o sí.

Vasya ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò mọ̀. Tírélà agbégẹdú ló ń wà. Ọmọ ìjọ Doukhobor paraku ni: kò mu sìgá, kò mu ọtí, ó sì ti búra pé òun kò ní jókòó nílé ẹni tó bá ń lo igbó. Òun nìkan ló kù fún Lusha nínú gbogbo ẹbí.

Ìró tírélà dún níta. Lusha yára fi ẹ̀rọ náà pamọ́, ó bu ọbẹ̀ borscht fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì jáde lọ ṣa igi ìdáná. Nígbà tó padà dé, Vasya ti ń fi búrẹ́dì nu àwo.

"Lusha, ta ló kọ́ ẹ ní ọbẹ̀ sísè? Bọ́tà kún un dẹ́nu, kò sí ewé dílì kankan níbẹ̀! Màmá wa ì bá ti lé ẹ jáde."

"Ẹ jẹ́ kí n bu dílì wá, Bọ̀ọ̀dá."

"Mo ti tún un ṣe. Dílì ẹ ti gbó o. Ó ń rùn bí gúgúrú tó jóná. Mo da púpọ̀ sí i kó lè dùn."

Ìgò náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, ìdérí rẹ̀ ṣí. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Lusha mọ ohun tó ti jẹ. Igbó tí èèyàn jẹ kì í tètè ṣiṣẹ́. Á jẹ́ kí ọkùnrin náà wakọ̀ jìnnà, kó dé kọ́nà tó wà lókè adágún, pẹ̀lú gbogbo gẹdú yẹn lẹ́yìn.

"Ẹ sùn síbí, Bọ̀ọ̀dá. Yìnyín ń bọ̀."

"Yìnyín wo? Ojú ọ̀run mọ́ kedere. Wọ́n ń retí mi níbi tí wọ́n ti ń la pákó."

"Ẹ mu tíì díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́."

"Ṣé o ti di ọlọ́pàá ni? Kí ló dé tí o fi ń dá mi dúró?"

Ó ti ń so okùn bàtà. Lusha wo àwọn ṣéènì tó di gẹdú mú níta. Bó bá sọ̀rọ̀, á pàdánù ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bó bá dákẹ́ ńkọ́?

"Kì í ṣe dílì lẹ jẹ."

"Kí wá ni?"

"Igbó ni. Èmi ni mo ni ín. Ẹ má wakọ̀, mo bẹ̀ yín."

Vasya wo ìgò. Ó wo àbúrò rẹ̀. Ì bá pariwo, ìyẹn ì bá sàn. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lápò, ó gbé e sórí tábìlì, ó dé fìlà.

"Ẹ dúró tì mí títí á fi kúrò lára yín. Ọ̀nà jìn, Bọ̀ọ̀dá!"

Ó rọra pa ilẹ̀kùn dé. Lusha rí i láti ojú fèrèsé: ó gba iwájú tírélà kọjá láìwò ó, ó bọ́ sójú títì, ó ń fẹsẹ̀ rìn lọ.