Ìwọ Tó Ń Ṣọ́ Èémí Mi

Yéè, Ìyá Bọ́lá! Ó dìgbà kan ná o, aya rere, ọmọ Kábà tó sọ Kàdúná di ilé. Ojú ń tì mí bí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ìwọ ló yẹ kí o kọ irú rẹ̀ nípa mi.

Gbogbo ará Kabala Doki ló mọ̀ pé oníbẹ̀rù ni mí. Bí òjò bá ṣú, èmi a ti máa ronú òrùlé. Bí àwọn ọmọ bá pẹ́ lọ́nà Gonin Gora, èmi a ti dúró lẹ́nu géètì. Ṣùgbọ́n ohun tó fẹ́ pa mí gan-an, ìwọ nìkan lo mọ̀ ọ́n. Bí mo bá sùn, mo ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta. Lójijì, èémí a dá. Ìwọ a fi àtẹ́lẹwọ́ lé mi láyà, o a ní, "Bàbá Bọ́lá, ẹ mí! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mí!" Ní ṣọ́ọ̀ṣì, oorun a tún gbé mi lọ, ìwọ a sì máa fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi níhà kí àlùfáà tó rí mi.

Nígbà tí dókítà ní kí wọ́n yọ kókó méjì tó wú lọ́fun mi, mo kọ̀. Mo ní wánsámù, onígbàjámọ̀ Hausa, ti gé bẹ́lúbẹ́lú ọ̀fun mi láti kékeré ní Kinkinau, kí ló tún kù láti gé? Dókítà rẹ́rìn-ín: "Bàbá, ti wánsámù, àárín ló so rọ̀ sí. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni àwọn wọ̀nyí wà, àwọn ló ń dí afẹ́fẹ́ lọ́nà bí ẹ bá sùn." Mo gbọ́, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò gbà tán. Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, mo wọ aṣọ ilé ìwòsàn sá lọ, ẹ̀yìn mi ṣí sílẹ̀ gbayawu, ó di ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́kadà. Wọ́n ń hó lé mi lórí, "Kai, Baba!" Ìwọ sáré bá mi níbẹ̀, o tú ìborùn rẹ, o fi bò mí lẹ́yìn. O ní, "Bàbá Bọ́lá, ojoojúmọ́ lẹ̀ ń kú lójú mi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é, kí n lè sinmi." A jọ padà.

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Ògì tútù lo fi ń bọ́ mi, o ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Ẹni tó ń sá fún ọ̀bẹ ti wá ń bèèrè súyà!" Mo bọ́ lọ́wọ́ ìhanrun, ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ wá ń dẹ́rù bà ọ́. Ọwọ́ rẹ ṣì ń wá àyà mi kiri. Èmi a kanra: "Haba, Ìyá Bọ́lá, jẹ́ kí n sùn! Ìbẹ̀rù rẹ ti pọ̀ jù." Èmi, olórí oníbẹ̀rù!

Ohun tó ń tì mí lójú jù rèé. Oorun àsùnwọra tí o fi sùúrù wá fún mi ni mo sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, tí n kò mọ ìgbà tí èémí tìrẹ dá. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo fi àtẹ́lẹwọ́ lé ọ láyà bí o ti máa ń ṣe. Mo ní, "Ìyá Bọ́lá, mí." O kò dá mi lóhùn.

Àwọn ọmọ ní wọ́ọ́rọ́ ni ọkàn rẹ dáwọ́ dúró, pé ẹni tó lajú sílẹ̀ pàápàá kì bá tí gbọ́. Mo gbọ́. Ojú ṣì ń tì mí.

Olùṣọ́ mi, obìnrin tó mọ èémí mi ju èmi fúnra mi lọ, ó tó gẹ́ẹ́. Gbé ọwọ́ rẹ kúrò láyà mi. Mò ń mí. Sùn re o, aya mi. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹnikẹ́ni kò ní jí ọ.

Bàbá Bọ́lá, ọkọ rẹ