Ẹ̀bìtì Kì Í Ṣe Bísímílà

Òórùn búrẹ́dì gbígbóná ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ilé búrẹ́dì kan wà lẹ́yìn ilé wa l'Ágége, òórùn ibẹ̀ sì lè mú kí ebi tún pa ẹni tó ti yó. Fèrè iléeṣẹ́ apá Ìkẹjà kò tíì dún rárá. Ẹ̀yin tá a jọ dàgbà ló máa gbà mí gbọ́: igbó ṣì wà nígbà yẹn. Láti ojú irin rélùwéè títí dé apá Ọgbà, koríko ló wà níbẹ̀, ó ga ju ọkùnrin lọ. Ọ̀yà inú rẹ̀ sanra débi pé bí ọ̀kan bá ń sọdá irin, rélùwéè a dúró kí i.

Ìyá mi ní oko àgbàdo kékeré kan lẹ́bàá irin. Àgbàdo yẹn ni wọ́n fẹ́ sè tà kí n lè rí aṣọ iléèwé wọ̀. Àfi bí ọ̀yà kan ṣe sọ oko náà di búkà. Akọ ni, etí rẹ̀ kan ti ya. Bó bá jẹ poro kan tán lónìí, á bọ́ sí òmíràn lọ́la. Ìyá mi a wò mí tàánútàánú: "Múfú, ọ̀yà ń jẹ ṣòkòtò ẹ o. Ó ti jẹ ẹsẹ̀ kan tán."

Bíríkìlà ni bàbá mi, ará Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn náà ni lémọ́mù wa nínú ilé. Aládùúgbò wa, Bàbá Jósẹ́ẹ̀fù, ọmọ ìjọ láti Èkìtì, ni ọ̀gá nínú ká dẹ nǹkan sílẹ̀ fún ẹran. Wọ́n mọ ìgèrè tí wọ́n ń rì sódò fún ẹja, wọ́n mọ pàkúté onírin tó ń gé ẹsẹ̀, wọ́n mọ ọ̀fìn tó ń gbé ẹran mì. Wọ́n ní àwọn fi àtè kun igi kan nígbà kan, ẹyẹ tó lẹ̀ mọ́ ọn pọ̀ débi pé àwọn ẹyẹ ọ̀hún gbé igi náà fò lọ. N ò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fi ihò tí igi náà ti kúrò hàn mí.

Bàbá Jósẹ́ẹ̀fù ní, "Lémọ́mù, ẹ̀bìtì ni kẹ́ ẹ dẹ. Òkúta á já lù ú, kó tó mọ̀, ó ti di ọbẹ̀."

Bàbá mi mirí. "Ta ló máa wá dúńbú ẹ̀? Ẹ̀bìtì kì í ṣe bísímílà. Òkúǹbete tí kò ṣeé jẹ lòkúta á fún wa."

"Lọ́dọ̀ tiwa, àdúrà orí oúnjẹ ti tó!"

Láàyè ni bàbá mi fẹ́ mú un. Wọ́n dẹ okùn wáyà tó ń fún ẹsẹ̀ láìpa ẹran. Nítorí pé ọ̀yà lè jẹ ara rẹ̀ yọ kí wọ́n tó débẹ̀, wọ́n so okùn gígùn mọ́ ọn, ó wọ́ títí dé fèrèsé wa, wọ́n sì fi agolo mílíìkì tí òkúta wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀ kọ́ ọ lórí. Agolo kò dún. Àgbàdo ń tán. Ìyá mi ní, "Ẹ̀bìtì tí ò peèmọ́, kó fẹ́yìn fẹ́lẹ́yìn. Ẹ tú okùn yín, kí n lọ máa sùn sóko fúnra mi." Ọ̀rọ̀ yẹn dun bàbá mi.

Àárọ̀ búrẹ́dì yẹn ni agolo dún. Àsùbáà la ń kí lọ́wọ́, gbogbo ọkùnrin ilé to sẹ́yìn bàbá mi. *Gbàlà-gbàlà-gbàlà!* Lémọ́mù kò gbọdọ̀ já ìrun. Mo rí i tí ẹ̀yìn wọn le gbagidi. Àwọn tó máa ń ka súrà gígùn títí orúnkún wa á fi máa gbọ̀n, súrà tó kúrú jù ni wọ́n mú lọ́jọ́ náà, wọ́n sì kà á bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu ẹ̀. A ń tẹ̀, a ń dìde bí alángbá. Sálámọ̀ ọ̀tún ni wọ́n ṣe lórí ẹní; tòsì, ojú ọ̀nà oko la ti gbọ́ ọ.

Bàbá mi dé ibẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ, àwa lẹ́yìn wọn. Bàbá Jósẹ́ẹ̀fù la bá, wọ́n dojú bolẹ̀ láàárín àgbàdo, wáyà fún wọn lẹ́sẹ̀.

"Lémọ́mù! Ẹ sọ ọ̀bẹ yẹn sílẹ̀! Ọmọ ìjọ ni mí!"

"Kí lẹ wá ṣe níbí?"

"Mo ní kí n yọ́ wá fi ẹ̀bìtì kan ràn yín lọ́wọ́ ni. Ẹ má bi mí mọ́, nǹkan kan ń ta lábẹ́ ikùn mi!"

Ni mo bá rí etí yíya kan tó yọ lábẹ́ abíyá wọn. Ọ̀yà náà ni wọ́n ṣubú lù! Ó wà láàyè, ó ń mí, àgbàdo ìyá mi ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ó ń jẹ ẹ́ lọ. Bàbá mi fà á yọ, wọ́n ṣe bísímílà. Itan kan àti orí ni wọ́n fún Bàbá Jósẹ́ẹ̀fù. Bàbá mi ní, "Nínú gbogbo ohun tí wọ́n fi ń mú ẹran, ikùn yín ló dáa jù. Kì í pa á, kì í sì í jẹ́ kó lọ."

Èyí tó kù nínú àgbàdo gbó, mo rí ṣòkòtò mi. Mo wọ̀ ọ́ lọ síléèwé títí dé kíláàsì kẹrin, níbi tí ìwé ti le ju ọ̀yà lọ.

Ifákọ̀-Ìjàyè ni mo ń gbé báyìí. Koríko tó kù ládùúgbò wa kò tó bo aáyán. Eku ilé là ń bá jà, gọ́ọ̀mù orí páálí la sì ń dẹ fún un, èyí tí í ṣe àtè Bàbá Jósẹ́ẹ̀fù gan-an. Láìpẹ́ yìí, mò ń kírun àsùbáà lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀kan lẹ̀ mọ́ ọn, tó ń ké fín-ín-fín-ín. Múfú ìjọ́sí ì bá ti fò dé ibẹ̀. Mo rọra ka súrà gígùn, mo ṣe sálámọ̀ méjèèjì lórí ẹní, mo ní kí n dìde. Orúnkún mi há gádígádí, bíi pàkúté onírin.

Ọmọ-ọmọ mi Sìkírá, tó ń gé búrẹ́dì nílé ìdáná, sáré wọlé. Ó wo eku, ó wò mí.

"Bàbá àgbà, ta ni kí n kọ́kọ́ tú sílẹ̀?"

"Èmi ni," mo ní. "Àmọ́ kọ́kọ́ sọ ọ̀bẹ yẹn sílẹ̀ ná."