Ọjà Mẹ́ta Tí Ìyàwó Mi Fẹ́ Ná Lójú Òfuurufú

Inú ìwé tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń ṣe iṣẹ́ àmúrelé ni ìyàwó mi ti ṣe ètò bí ènìyàn mẹ́rin yóò ṣe kúrò láyé yìí tí wọn yóò sì dé plánẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ní ìrìn kan ṣoṣo. Eré orí kọ̀ǹpútà ni. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé orí mi ti dàrú láti ìgbà tí ó ti kú. Eré ni, ṣùgbọ́n ìṣirò tòótọ́ ni wọ́n fi ṣe é. Bí epo ọkọ̀ rẹ bá tán, ó tán nìyẹn. Bí o bá sáré jù, wàá gba ẹ̀gbẹ́ plánẹ́ẹ̀tì kọjá lọ sínú òkùnkùn, kò sí bíréèkì tí wàá tẹ̀.

Ohun kan wà tí mo mọ̀ nípa ikú ìyàwó mi tí ọmọ mi obìnrin kò mọ̀ fún ọdún kan gbáko. Mo jẹ́ kí ó máa torí rẹ̀ bú ẹlòmíràn. Ìwé yẹn ni ó tú àṣírí mi.

Ìṣirò ni mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan níbí ní Ìlaròó. Iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ìyàwó mi ti ṣe olùkọ́ tirẹ̀. Ará Ayétòrò ni. Ìyá rẹ̀ a máa ra àgbàdo àti ẹ̀gúsí káàkiri àwọn ọjà agbègbè náà, òun náà a sì máa tẹ̀ lé e nígbà tí ó wà ní kékeré. Nígbà tí àwa méjèèjì fẹ̀yìntì tán, ọmọ wa gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ àtijọ́ wá fún wa láti Abẹ́òkúta. Eré náà wà lórí rẹ̀. Mo rò pé tèmi ni yóò jẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà tí sólà ti gba oòrùn dáadáa, mo jókòó, mo ń ṣàlàyé fún ìyàwó mi bí plánẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ṣe ń yí oòrùn ká, tí kálukú ní ìwọ̀n eré tirẹ̀, tí kò fi jẹ́ pé ìgbà tó bá wu ènìyàn ló lè gbéra. Ọsàn ni ó ń bó. Kò gbójú sókè.

“Ọjà ni wọ́n ń ná,” ni ó wí.

“Ta ni?”

“Àwọn plánẹ́ẹ̀tì yín. Oníkálukú ló ní ọjọ́ tirẹ̀. Ẹni tó bá dé Afọ̀n lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà, igi àtíbàbà nìkan ni yóò bá níbẹ̀. Màmá mi ò kàwé, wọn ò sì dé ọjà tó ti tú rí.”

Mo rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kó tó di ìparí oṣù náà, òun ni ó ń ṣe ètò, èmi ni mo ń wa ọkọ̀.

Plánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni a kọ́kọ́ gbìyànjú. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé ìtàdógún òní ni kí ọkọ̀ gbéra, ó kọ apá ibi tí imú ọkọ̀ yóò dojú kọ àti iye epo tí a ó jó. Èmi ka ọjọ́ mẹ́tàdínlógún, mo sì ṣe gbogbo nǹkan yòókù bí ó ṣe kọ ọ́. Nígbà tí ọkọ̀ wa dé ibẹ̀, plánẹ́ẹ̀tì ti kọjá. Àwọn awakọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń yí oòrùn ká lásán.

“Ẹ ti pẹ́ ọjọ́ kan,” ni ìyàwó mi wí.

“Ìtàdógún ni o kọ. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni mo kà.”

“Ṣé ẹ ka òní mọ́ ọn?”

“Ta ní ń ka òní mọ́ ọn? Òní ti wà nílẹ̀. Orí òdo ni a ti ń bẹ̀rẹ̀.”

“Ó dáa. Ẹ lọ sọ fún àwọn ọmọ mẹ́rin yẹn pé orí òdo ni wọ́n wà.”

Bí àwọn ará ọjà ṣe ń kà á nìyẹn. Ọjà tí wọ́n ń ná ní ọrọọrún, bí ó bá bọ́ sí ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Ẹtì ni yóò tún bọ́ sí, nítorí pé ọjọ́ Ajé fúnra rẹ̀ ni ìkíní. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti kékeré. Ẹ̀kọ́ ni mo gbé lé e lórí, bí ènìyàn ṣe ń gbé òkúta lé ewé tí kò fẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbé lọ.

Eré náà fún ènìyàn láyè láti padà sí àná, kí ó tún ohun tó bàjẹ́ ṣe. Mo fẹ́ padà. Ìyàwó mi kọ̀.

“Bí a ó bá máa padà sẹ́yìn,” ó ní, “kí la wá ń ṣe ètò fún?”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó fi ṣe ètò ọkọ̀ mìíràn tó lọ kó wọn. Nígbà tí wọ́n balẹ̀ tán, èmi ọ̀mọ̀wé pàṣẹ. Mo ní láti ọjọ́ náà lọ kí ó máa kọ ọjọ́ méjì sínú ìwé, kí ó kọ tirẹ̀, kí ó sì yọ ẹyọ kan kúrò, kí ó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún mi. Kò bá mi jiyàn. Ó fi rúlà fa ìlà sí àárín ojú ewé, ó kọ “Tiwa” sí apá kan, ó kọ “Ti Tíṣà” sí apá kejì. Mo rò pé mo borí. N kò wá ní láti kọ́ ohunkóhun mọ́.

Lẹ́yìn èyí ni ó bẹ̀rẹ̀ ètò ńlá náà. Kò sí èyí tí ó dà bíi rẹ̀ nínú gbogbo ohun tí a ti ṣe. Plánẹ́ẹ̀tì elésè-àlùkò ni ọjà kìíní, èyí tó pupa ni ìkejì, èyí tó tóbi jù, tí òṣùpá pọ̀ lára rẹ̀, ni ìkẹta. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni epo. Bí epo bá pọ̀, ọkọ̀ á wúwo, ọkọ̀ tó bá wúwo á sì jẹ epo sí i. Mo fi ìwé ìṣirò mẹ́rin wádìí rẹ̀, mo sọ fún un pé kò ṣeé ṣe. Ó ní nígbà tí ìyá òun bá ra ẹ̀gúsí ní Afọ̀n, kì í gbé e lọ sí ọjà kejì. Ilé bàbá kan ni ó ń fi pamọ́ sí títí yóò fi padà. Ó wá ní kí a fi táńkì epo méjì sílẹ̀, kí wọ́n máa yí ọjà kìíní ká, kí ọkọ̀ fúyẹ́ lọ sí ọjà kejì. Mo ṣírò rẹ̀. Ó ṣeé ṣe. N kò sọ fún un lójú ẹsẹ̀ pé ó ṣeé ṣe. Ọjọ́ kejì ni mo tó sọ.

Ọdún yẹn náà ni ìrora bẹ̀rẹ̀ sí í mú un lẹ́gbẹ̀ẹ́ inú. Ilé ìwòsàn aládàáni kékeré kan wà ní ìlú kan lọ́nà Ayétòrò, tí dókítà àgbà kan ń wá sí láti òkèèrè. Ọjọ́ ọjà ìlú náà ni wọ́n fi ìbẹ̀wò rẹ̀ sí, ní ìsán ìsán, kí àwọn ará oko lè fi ìrìn kan ṣe méjì. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kí a padà wá nígbà tí òun bá tún dé, pé àyẹ̀wò á ti jáde, pé òun á mọ̀ bóyá iṣẹ́ abẹ ni. Káàdì ìyàwó mi ti kún, kò sí àyè tí wọ́n lè kọ ọjọ́ sí. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ni ó tẹ̀ lé mi dé ẹnu ọ̀nà.

“Ìsán òní ni dókítà tún ń bọ̀, Bàbá,” ó ní. “Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó yẹ̀ o.”

Mo fi ọjọ́ mẹ́sàn-án sí iwájú, mo kọ ọ́ sínú fóònù mi. Ìyàwó mi ti wà nínú mọ́tò. Nígbà tí a délé, ó bi mí pé, “Ọjọ́ wo ni wọ́n dá?”

“Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀,” mo ní. “Ìwọ sáà sinmi.”

Lọ́jọ́ tí a padà lọ, a gba ojú ọjà náà kọjá. Kò sí ènìyàn kankan níbẹ̀. Ewúrẹ́ ń jẹ èèpo àgbàdo lábẹ́ àtíbàbà. Mo ń wa mọ́tò lọ, n kò ro nǹkan kan. Ìyàwó mi ni ó yí gíláàsì sílẹ̀ tó wo ìta.

“Àná ni ọjà,” ó ní.

Kò sọ ọ̀rọ̀ kankan mọ́ lórí rẹ̀, lọ́jọ́ náà àti títí ó fi kú. Ìbá sàn kí ó bá mi jà. Ó kú kí dókítà tó tún padà wá. Dókítà náà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ó ṣeé ṣe kí ọjọ́ kan yẹn má yí nǹkan kan padà. Ó ṣeé ṣe, ni ó wí. N kò bi í ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí ọmọ wa dé, mo sọ fún un pé dókítà ti lọ kí ọjọ́ tí wọ́n dá fún wa tó pé. Gbólóhùn kan péré ni. Ó dìde, ó ní kí n mú òun lọ sí ilé ìwòsàn, ó sì bú nọ́ọ̀sì àgbà yẹn níwájú àwọn aláìsàn. Ó pè é ní òpùrọ́. Ó ní bí ó bá jẹ́ pé ilé ìwòsàn ìjọba ni, òun ìbá mú un dé ilé ẹjọ́. Nọ́ọ̀sì la ẹnu, ó wò mí. Ilẹ̀ ni mò ń wò.

“Ẹ bi bàbá yín,” ni obìnrin náà wí.

Ọmọ mi rò pé àfojúdi ni. Inú tún wá bí i sí i.

Ọdún kan kọjá. N kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà náà. Aago inú eré náà dúró síbi tí ìyàwó mi fi í sí. Ọmọ mi gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan, ó wá sí Ìlaròó, ó rí ìwé náà nínú àpótí aṣọ ìyá rẹ̀, ó sì ní a ó rán ọkọ̀ náà lọ. Mo ní kó jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Ó ní rárá, ìyá òun kò ṣe gbogbo èyí kó lè wà nínú àpótí aṣọ. Ọjọ́ méjì ni a fi kan ọkọ̀ náà pọ̀ bí ìyàwó mi ṣe yà á. Ọmọ náà ń dunnú, èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ máa dunnú. Lẹ́yìn náà ni a dé ojú ewé ìgbéra. Àìsàn ti wọ ìyàwó mi lára nígbà tí ó kọ ọ́. Ó hàn lára ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀. Kò fa ìlà sí àárín. Apá kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀.

“Ìtàdógún,” ọmọ mi kà. “Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún nìyẹn, àbí?”

“Mẹ́rìndínlógún. Wọ́n máa ń ka òní mọ́ ọn.”

“Àwọn wo?”

“Màmá rẹ. Àwọn ará ọjà. Gbogbo ènìyàn níbí.”

Ó ṣí ìwé padà sẹ́yìn, ó rí “Tiwa,” ó rí “Ti Tíṣà,” ó bú sẹ́rìn-ín.

“Gbogbo ènìyàn àfi ẹ̀yin nìkan, Bàbá. Wọ́n ń yọ ẹyọ kan fún yín bí ọmọ kékeré.”

Ẹ̀rín náà ń lọ sílẹ̀ díẹ̀ díẹ̀. Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà.

“Ọ̀rọ̀ wo gan-an ni nọ́ọ̀sì yẹn sọ fún yín lọ́jọ́ yẹn?”

Àyè wà fún mi láti purọ́. Mo ti sọ irọ́ tó tóbi jù ú lọ.

“Ìsán,” mo ní.

Ó fi ìka rẹ̀ kà á, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó bẹ̀rẹ̀ láti àtàǹpàkò.

“Ẹ mọ̀ nígbà tí mò ń bú wọn?”

“Mo mọ̀.”

“Ẹ dúró síbẹ̀, ẹ ń gbọ́.”

“Mo ń gbọ́.”

Kò sunkún. Ó ní kí n dìde lórí àga. Ó jókòó sí àyè mi, ó ka ọjọ́ mẹ́rìndínlógún, ó sì gbé ọkọ̀ náà sókè. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, ọkọ̀ dé ọjà kìíní ní wákàtí tí ìyá rẹ̀ kọ sílẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní kí n wa òun lọ sí Ọjà-Ọ̀dàn, níbi tí nọ́ọ̀sì náà ń gbé láti ìgbà tí ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. A bá a níwájú ilé rẹ̀, ó ń bẹ ẹ̀gẹ́. Ọmọ mi kúnlẹ̀ lórí iyẹ̀pẹ̀.

“Dìde, ọmọ mi,” ni obìnrin náà wí. “Ìyá rẹ ló kú. Kí lo fẹ́ ṣe tí o ò ní bú ènìyàn?” Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó wò mí. “Bàbá, ẹ káàbọ̀.”

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀, láìfi nǹkan kan pamọ́. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

“Mo ti gbọ́,” ó ní, ó sì mú ẹ̀gẹ́ mìíràn.

Ọmọ mi gbé kọ̀ǹpútà àti ìwé náà lọ sí Abẹ́òkúta nígbà tí ìsinmi rẹ̀ parí. Ó máa ń pè mí lọ́jọọjọ́ Àìkú. Ó máa ń béèrè bóyá mo ti jẹun, bóyá mo ń lo oògùn mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo bi í pé níbo ni ọkọ̀ dé. Ó ní ó ti kúrò ní ọjà kejì. Ó ní àlàáfíà ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà.

Ìyàwó mi kò parí ètò ìpadàbọ̀. Ojú ewé mẹ́ta tó kẹ́yìn ṣófo. Ìṣirò náà le, n kò sì rò pé ọmọ mi lè dá a ṣe. Ó mọ̀ pé mo lè ṣe é. Kò tíì bi mí.