Búrẹ́ẹ̀tì Inú Kọ́bọ́ọ̀dù Ọ̀gá

Ọlọ́run nìkan ló mọ ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ìwé wa ní Fẹ́sítáàkì. Nǹkan bí ọdún 1978 ni, ọ̀dà ṣì ń rùn lára àwọn ilé. Kẹ́mísírì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún. Ìjọba ti kó irinṣẹ́ tuntun fún wa. Búrẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀, ìyẹn ọ̀pá gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń kán ásíìdì sínú nǹkan mìíràn díẹ̀díẹ̀. Ibo ni wọ́n kó wọn sí? Inú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì ní ọ́fíìsì ọ̀gá, wọ́n tò wọ́n bí abọ́ tánganran ìyàwó tuntun. Àlejò ìjọba nìkan ló ń rí wọn wò.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà, pírátíkà, ìdánwò àfọwọ́ṣe, ti ń bọ̀. Ọwọ́ àwọn ọmọ yìí ò kan búrẹ́ẹ̀tì rí. Wọ́n máa fìdí rẹmi."

"Tí wọ́n bá fọ́ ọ ńkọ́, Mísíìsì? Ẹ yà á sójú pátákó fún wọn."

Mo yà á títí ṣọ́ọ̀kì fi tán. Ẹ gbà mí o, ta ló ń fi àwòrán kán ásíìdì?

Nígbà tó sú mi, mo ní kí wọ́n wá ọsàn wẹ́wẹ́, ìṣápá pupa àti eérú wá. Omi ọsàn kan, ásíìdì nìyẹn. Omi eérú ni òdìkejì rẹ̀, tí à ń pè ní álíkálì. Ìṣápá ló máa ń tú àṣírí àwọn méjèèjì: nínú omi eérú, á ṣe bí àwọ̀ ewé, tí omi ọsàn bá ti borí, á pọ́n. Àmọ́ ta ló ní eérú ní Fẹ́sítáàkì? Sítóòfù ni gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba fi ń dáná! Ni àwọn ọmọ bá gba ọ̀dọ̀ àwọn alákàrà Àgbójù lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá Bíọ́dún, ọmọ kíláàsì mi, já wọ ọ́fíìsì níbi tí èmi àti ọ̀gá ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Òun fúnra rẹ̀ lọ́gàá níbi iṣẹ́ ìjọba.

"Ta ni tísà tó ní kí ọmọ mi máa tọrọ eérú kiri? Alákàrà ń bi mí bóyá kẹrosíìnì ti tán nílé wa!"

"Èmi ni, mà. Ẹ má bínú. Ẹ wo ẹ̀yìn yín."

Ó yíjú wo kọ́bọ́ọ̀dù. Ó nàka sí àwọn gíláàsì náà.

"Ọ̀gá, ta lẹ ń tọ́jú ìwọ̀nyí dè?"

"Ohun ìní ìjọba ni, mà. Mo ń dáàbò bò ó ni."

"Ọmọ tèmi ńkọ́? Ta ló ń dáàbò bo òun?"

Ọ̀gá dìde. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó yọ búrẹ́ẹ̀tì kan, ó ní òun fúnra òun lòun máa gbé e dé kíláàsì, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Bó ṣe ń gba àárín tábìlì kíláàsì kọjá, ó fi gbá ẹ̀rọ omi. Pàá! Ó fọ́ yángá.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Èmi gé ètè mi jẹ. Mo ti gbà pé ó máa lọ ti ìyókù pa títí ayé. Ó fi kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù lé mi lọ́wọ́.

"Mísíìsì, ẹ máa lò ó."

Àwọn ọmọ fọ́ méjì sí i kí ìdánwò tó dé. A gbá a, a ń bá iṣẹ́ wa lọ. Lọ́jọ́ pírátíkà, mo ń wo Bíọ́dún lójú fèrèsé.  Ó dá ásíìdì dúró gan-an lórí ẹ̀kán tí àwọ̀ fi yí padà. Mo lọ sẹ́yìn kíláàsì, mo bú sẹ́kún, inú sì ń bí mi bí mo ṣe ń sunkún náà, nítorí gbogbo ìgbà tí kọ́bọ́ọ̀dù yẹn fi wà ní títì.