Omi Tí Àǹtí Mi Ń Mu

Nínú gbogbo àwọn tó ń yan ẹja létí ọ̀sà wa ní Ibeshe, mi ò tíì rí ẹni tó mọ̀ ọ́n yan bí àbúrò bàbá mi obìnrin, tí mò ń pè ní Àǹtí. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo wà láti ìgbà tí mo ti fi iléèwé sílẹ̀. Á na ọwọ́ sókè ààrò, á ní iná ti pọ̀ jù, á sì fa igi kan yọ. Ẹja rẹ̀ kì í jó.

Nígbà tí mo ṣì kéré, ọpọlọ rẹ̀ dàrú. Ó ń gbọ́ ohùn tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́. Lọ́jọ́ kan ó wọ inú ọ̀sà tòun taṣọ, ó ń bu omi rẹ̀ mu. Àwọn ará ilé kò gbàgbé omi yẹn. Abẹ́rẹ́ tó ń gbà lóṣooṣù ló dá a padà sípò, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni ebi ti ń pa á ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì sanra.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi. Á mu ún, á lọ tọ̀ lẹ́yìnkùlé, á padà wá mu sí i. Obìnrin kan nínú àwọn tí a jọ ń yan ẹja gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ sinmi, Àǹtí. Ẹ jẹ́ n bá yín la ẹja náà."

Àǹtí rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bẹ̀rù, ẹja nìkan ni mo fẹ́ là lónìí."

Èmi nìkan ni mo bá a rẹ́rìn-ín, mo sì fi ìborùn bo ẹnu.

Bàbá mi dé lọ́jọ́ kejì. Ó ti bá wòlíì kan sọ̀rọ̀ lórí òkè àdúrà lọ́nà Ẹ̀pẹ́. Ààwẹ̀ gbígbẹ ni Àǹtí máa gbà níbẹ̀, láìjẹ, láìmu.

"Omi yẹn ló tún ń mu. Àìsàn orí yẹn ti tún dé," ni bàbá mi wí.

Àǹtí kò pariwo. Ó mọ̀ pé tí òun bá pariwo, wèrè ni wọ́n máa pe òun. Èmi ì bá ti sunkún.

"Ẹ̀gbọ́n mi, nígbà tó jẹ́ orí mi, èmi ni mo mọ̀ kẹ́yìn. Èyí, èmi ni mo kọ́kọ́ mọ̀. Ara mi ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ mí wò ná."

"Ṣé irú ẹ ló máa sọ ohun tó ń ṣe é?"

"Tí mo bá ní ẹja ti jinná, ẹ kì í bi mí bóyá orí mi pé. Ẹ kàn máa ń jẹ ẹ́ ni."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu bàbá mi. "Ó dáa. Ilé ìwòsàn lónìí, òkè lọ́la."

Ní Ìkòròdú, nọ́ọ̀sì gún un níka, ó wo ẹ̀rọ rẹ̀, ó sì wọn ìfúnpá rẹ̀. Àtọ̀gbẹ ni, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń ru. Ó ní àwọn oògùn kan tó ń tún orí ṣe máa ń dá ebi sílẹ̀, wọ́n sì lè mú kí ṣúgà pọ̀ lára. Àìróorunsùn àti ìrònú náà kì í jẹ́ kí ọkàn sinmi, ẹ̀jẹ̀ á sì máa ru. Èyí tó sì burú jù ni pé bí àwọn tí orí wọn ti dàrú rí bá ní ara ń dun àwọn, orí ni gbogbo ayé máa ń wò. Ó ní Àǹtí kò gbọdọ̀ dá abẹ́rẹ́ náà dúró fúnra rẹ̀. Dókítà á tọ́jú orí àti ara pọ̀.

Bàbá mi bèèrè jẹ́jẹ́ pé, "Ààwẹ̀ gbígbẹ ńkọ́?"

"Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ pa á ni?"

Nígbà tí a ń padà lọ, a sọ̀kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ Agric. Níbẹ̀ ni bàbá mi ti ra omi tútù, ó ṣí i, ó sì gbé e fún àbúrò rẹ̀.

Nígbà tí a délé, Àǹtí lọ tààrà síbi ààrò, ó na ọwọ́ sí obìnrin tó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́sí.

"Ọ̀bẹ mi dà?"

Obìnrin náà fi aṣọ rẹ̀ nu ọ̀bẹ náà, ó sì kọjú èèkù rẹ̀ sí Àǹtí kó gbà á.