Fọ́ọ̀mù tí bàbá mi fẹ́ fọwọ́ sí

Ewúrẹ́ kan dá sí ọ̀rọ̀ èmi àti bàbá mi lónìí.

Látìgbà tí mo ti dé láti yunifásítì ní Zaria fún họ́lídè ni bàbá ti ń yọ mí lẹ́nu pé kí n fi ẹ̀kọ́ dókítà ẹranko sílẹ̀, kí n lọ kọ́ dókítà èèyàn. Wọ́n ní ta ló máa fẹ́ àna tó ń rùn bí ewúrẹ́.

Fọ́ọ̀mù tí màá fi yí kọ́ọ̀sì wà lórí káńtà ní ṣọ́ọ̀bù kásẹ́ẹ̀tì wọn ní Sabon Gari. Wọ́n ti mú bíírò.

Ni Màlámù Garba, oníkúlíkúlí tó jẹ́ kọ́sítọ́mà wa, bá fi ọmọlanke ti ewúrẹ́ kan dé láti àdúgbò Yankaba. Ewúrẹ́ náà ti ń rọbí láti àárọ̀.

"Ina likita? Dókítà dà?"

Bàbá ní, "Màlámù, ó ti fẹ́ yí iṣẹ́ yẹn."

"To, ó dáa. Kó gbẹ̀bí eléyìí ná kó tó yí i."

Mo fi ọṣẹ fọwọ́ dé ìgúnpá, mo kì í bọ inú ewúrẹ́ náà. Orí ọmọ ló tẹ̀ sẹ́yìn. Mo rọra tì í wọlé, mo tọ́ orí ẹ̀ sọ́nà, mo fà á. Bàbá di ìwo ewúrẹ́ mú, wọ́n dijú, wọ́n ń pe Halelúyà jẹ́jẹ́.

Ọmọ náà sín.

Màlámù fún wa ní kúlíkúlí. Bàbá fúnra wọn ti ń rùn bí ewúrẹ́. Wọ́n kàn ya fọ́ọ̀mù yẹn sí méjì, wọ́n fi ìdajì wé kúlíkúlí tèmi fún mi.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ṣé kí n lọ gba fọ́ọ̀mù mìíràn ni, àbí kí n máa jẹ kúlíkúlí mi lọ?