Èéfín Ẹja Lára Aṣọ Alágbàfọ̀

Nígbà tí ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé, tí mò ń gbé ní Borokiri, àdúgbò etí omi kan tó jìnnà sí ilẹ̀ Yorùbá, àwọn ológbò tẹ̀lé òṣìṣẹ́ báńkì kan láti àdúgbò wa dé ẹnu iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ṣòkòtò rẹ̀ ló ń rùn bí ẹja yíyan. Bí ẹ bá ní irọ́ ni, ẹ lọ bi àwọn ológbò náà.

Opó kan, ọmọ ibẹ̀ tó gbọ́ Yorùbá àmọ́ tí kì í sọ ọ́, tó ń yan ẹja tà àti alágbàfọ̀ kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, ló jọ ń lo ẹ̀yìnkùlé wa. Bí èéfín bá ti dìde, orí aṣọ oníbàárà ló ń bà sí. Wọ́n jà títí, onílé ní bí wọn ò bá parí rẹ̀ kó tó di ọjọ́ Àìkú, kí opó náà kó ààrò rẹ̀ jáde. Ẹja yẹn ló fi ń bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀.

Ọmọbìnrin agùnbánirọ̀ tó wà ní yàrá iwájú ló pe ìpàdé. Ó fi mí ṣe alága. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, n ò sì kà á tán, ṣùgbọ́n mo mọ àga jókòó sí. Òfin rẹ̀ ló yà mí lẹ́nu: kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ro ẹjọ́ tara rẹ̀. Ti ẹnìkejì ni kó rò, títí ẹni yẹn yóò fi gbà pé bó ṣe rí nìyẹn.

Mo ní irú ẹjọ́ wo nìyí. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká wò ó ná."

Mo sún àga mi síwájú.

Alágbàfọ̀ dìde, ó fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Èmi ìyá ẹlẹ́ja, mo máa ń dúró kí aṣọ gbẹ tán kí n tó bà á jẹ́."

Opó náà mi orí. "No be so. Start again."

Ó tún un rò, obìnrin náà tún kọ̀ ọ́. Nígbà tó sú u, ó béèrè ohun tí kò bi í rí: "Màmá, kí ló dé tẹ́ ẹ kì í fi í dáná láàárọ̀?"

Obìnrin náà ní ìdájí ni ẹja ń dé láti etí omi, ṣùgbọ́n aṣọ á ti kún ẹ̀yìnkùlé. Òun á máa dúró kí alágbàfọ̀ kó o kúrò. Bí ẹja bá ti fẹ́ máa bàjẹ́, òun á dáná, aṣọ ì báà ṣì wà níbẹ̀.

Ohùn alágbàfọ̀ wálẹ̀: "Nítorí aṣọ mi lẹ fi ń dúró?"

Obìnrin náà ní, "Ehn. Na so."

Lọ́jọ́ Àìkú, onílé kó alábàárù méjì wá gbé ààrò. Alágbàfọ̀ ló pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní kí wọ́n padà, ìdájí ni màmá ń yan ẹja báyìí, òun ò ní í sá aṣọ kankan títí iná rẹ̀ yóò fi kú.